Omi Ìdí Eyín àti Ohun Tó Ń Sọ: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú jáde lọ́tẹ̀ yìí nínú àwọn tó wọlé, méjì láti Ìkòròdú, ọ̀kan láti Ẹ̀pẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ tó ń yọ ní ìdí eyín ni gbogbo wọn dá lé, ṣùgbọ́n ohun tó mú mi kó wọn pọ̀ ni pé ẹni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń wá ohun tí yóò bá wọn sọ, tàbí tí yóò bá wọn pa, ohun tí ojú wọn kò lè rí.

ÌBÉÈRÈ KÌÍNÍ

Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, mo ti pé ẹni ọdún 67. Ó di ọdún mẹ́rin báyìí tí àwọn ọmọ mi sanwó kí wọ́n bá mi gbin eyín onírin méjì sínú egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀, nítorí eyín àtọwọ́dá tí mo ń yọ lálaalẹ́ kò jẹ́ kí n rí àgbàdo jẹ. Láti nǹkan bí oṣù méjì ni mo ti ń rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ nínú itọ́ bí mo bá fọ ẹnu tán, ìdí ọ̀kan nínú eyín méjèèjì náà ló sì ti ń wá. Kò dùn mí rárá. Ọmọ mi tó wà ní Jámánì ní kí n lọ ṣe àyẹ̀wò kan tí wọ́n ń pè ní MMP-8. Ilé àyẹ̀wò méjì ni mo dé ní Ìkòròdú níbí, wọn kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Kí ni wọ́n ń fi í wò? Ṣé ewu wà bí n kò bá rí i ṣe?
Bàbá Olùkọ́, Ìkòròdú

ÌDÁHÙN

Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé kó tó di pé ó ń dùn yín, nítorí àìsàn ìdí eyín kì í sábà dunni títí tí yóò fi bà jẹ́ jìnnà. Pé ilé àyẹ̀wò méjì kò mọ àyẹ̀wò yìí kò yẹ kó kó ìdààmú bá yín. Ohun tí ẹ nílò lákọ̀ọ́kọ́ kò ju ọ̀pá ìwọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ kan àti àwòrán X-ray kan lọ, a ó sì dé orí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yín ní ìdí, n kò sì ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Láàárín eyín àti ẹran tó yí ìdí rẹ̀ ká, àlàfo tóóró kan wà níbẹ̀, bí èyí tó wà láàárín èékánná àti ẹran ìka. Bí ara bá dá, jíjìn àlàfo yìí ní ìdí eyín àbínibí kì í sábà ju mìlímítà 1 sí 3 lọ. Omi kan ń sun jáde láti inú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, díẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ahọ́n kò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí itọ́. Inú ẹ̀jẹ̀ ni orísun rẹ̀. Bí ìdọ̀tí bá dì mọ́ eyín, tí ẹran ìdí rẹ̀ wá ń pọ́n, tó ń wú, omi náà á pọ̀ sí i, ẹrù tó ń gbé jáde á sì yí padà, nítorí pé gbogbo purotéènì tí ara fi ń bá kòkòrò jà níbẹ̀ ló ń bá a ṣàn jáde. Ohun tí àwọn onímọ̀ rí nìyẹn tí wọ́n fi ní, bí àwọn bá lè gba omi yìí, àwọn á lè mọ ohun tó ń lọ lábẹ́lẹ̀ láìgé ẹran ẹnikẹ́ni.

Gbígbà á gba sùúrù. Wọn á fi òwú yí eyín náà ká kí itọ́ má bàa ráyè débẹ̀, wọn á fẹ́ atẹ́gùn sí i jẹ́ẹ́jẹ́ títí yóò fi gbẹ, wọn á wá mú pélébé ìwé kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìṣáná tí a tẹ̀ pẹlẹbẹ, wọn á tì í wọ ẹnu àlàfo náà títí yóò fi kọ̀ díẹ̀, wọn á sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Bí wọ́n bá fà á yọ, orí rẹ̀ nìkan ni yóò tutù. Bí ẹ̀jẹ̀ bá kàn án, wọ́n á sọ ọ́ nù, nítorí purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ á ti da ìṣirò náà rú. Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìyẹn àti ẹ̀jẹ̀ inú ìgò tí ẹ mọ̀ ní ilé àyẹ̀wò: ohun tí wọ́n ń gbà lẹ́nu kò tó ìlàjì ìlàjì ẹ̀kán omi kan.

Purotéènì inú omi náà pọ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni mo máa dárúkọ. Ọ̀kan ni interleukin-1 beta, tí wọ́n ń gé orúkọ rẹ̀ kúrú sí IL-1β. Akéde ni. Sẹ́ẹ̀lì tó bá kọ́kọ́ fura sí kòkòrò ló ń tú u jáde kí àwọn yòókù lè gbọ́, bó bá sì ti pọ̀ jù, igbe rẹ̀ a máa ru àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń tú egungun ká sókè. Purotéènì kan tún wà tó ń jẹ́ RANKL, òun ló ń fi iṣẹ́ lé àwọn sẹ́ẹ̀lì atúegungun yẹn lọ́wọ́ ní tààrà. Òmíràn tó ń jẹ́ OPG ló ń dí i lọ́nà, nítorí náà kì í ṣe bí RANKL ṣe pọ̀ tó nìkan ni wọ́n ń wò, bí kò ṣe bó ṣe pọ̀ ju OPG lọ tó.

MMP-8 tí ọmọ yín dárúkọ kì í ṣe akéde ní tirẹ̀, ọ̀bẹ ni. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń kọ́kọ́ sáré dé ojú ìjà ló ń gbé e kiri nínú àwọn àpò kéékèèké. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gé kólájìn, èyí tí í ṣe okùn tó di ẹran ìdí eyín papọ̀, tó sì so eyín mọ́ egungun. Ó dára kó wà, nítorí bí wọn kò bá gé ọ̀nà, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà kò ní lè dé ibi tí kòkòrò fara pamọ́ sí. Ṣùgbọ́n bí ìjà náà bá di ti oṣù dé oṣù, okùn tó di ilé mú ni wọ́n ń gé. Ohun tó máa ń ya àwọn tí mo ń tọ́jú lẹ́nu nìyí: apá tó pọ̀ jù nínú ìbàjẹ́ tó ń mú eyín mì kì í ṣe ọwọ́ kòkòrò ló ti wá, ọwọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ara wa rán síbẹ̀ ni.

Ọ̀bẹ yìí a máa wà nínú àkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni a sì máa fà á yọ. Èyí tí a ti fà yọ nìkan ni àyẹ̀wò náà ń wá. Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ Yunifásítì Helsinki ní orílẹ̀-èdè Finland ló bí i, bó sì ṣe ń ṣiṣẹ́ jọ àyẹ̀wò ibà tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ orí ìka ṣe fún wa ní ibùdó ìlera: ilà kan yọ, ó lọ sílẹ̀, ilà méjì yọ, ó ti ga ju bó ṣe yẹ lọ. Fún eyín àbínibí, omi tí a fi yọ ẹnu ni wọ́n ń lò, ààlà tí wọ́n sì fi sí i ni nánógíráàmù 20 nínú mìlílítà kan. Fún eyín tí a gbìn, ìdí eyín náà gan-an ni wọ́n ti ń gba omi tí wọ́n ń yẹ̀ wò. Kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún lọ tí èsì yóò fi jáde.

Ibi tó wúlò fún un ni pé ó ń sọ ti òní. X-ray ń fi egungun tó ti lọ hàn wá, ọ̀pá ìwọ̀n ń fi bí àlàfo ṣe ti jìn tó hàn wá, méjèèjì ń ròyìn ohun tó ti jóná. Omi ìdí eyín ló ń sọ bóyá iná ṣì wà lábẹ́ eérú. Ṣùgbọ́n omi tí a fi yọ gbogbo ẹnu kò lè sọ eyín tó ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni kò sí purotéènì kan ṣoṣo tó lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ fún dókítà pé ẹran ìdí eyín lásán ló ń wú tàbí pé egungun ti ń bá a lọ. Nítorí náà n kò rò pé ó yẹ kí ẹ tìtorí rẹ̀ ná owó ọkọ̀ lọ sókè òkun.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí eyín tí a gbìn, nítorí ọ̀pọ̀ ló rò pé irin kì í ṣàìsàn. Ọmọ ilẹ̀ Sweden ni Per-Ingvar Brånemark, òun ló rí i pé egungun lè dàgbà lẹ̀ mọ́ irin títéníọ́ọ̀mù pátápátá, ọdún 1965 ló sì gbin irú eyín bẹ́ẹ̀ fún aláìsàn àkọ́kọ́. Ẹ̀bùn ńlá ni. Àmọ́ eyín àbínibí kò lẹ̀ mọ́ egungun bẹ́ẹ̀. Okùn kólájìn ló gbé e kọ́, okùn náà wọ inú gbòǹgbò eyín lọ ní ìhà kan, ó wọ inú egungun ní ìhà kejì, òṣùṣù rẹ̀ sì tún wà nínú ẹran òkè tó dúró bí ọgbà. Ní ìdí irin, kò sí ohun tí okùn náà lè wọ inú rẹ̀ lọ. Ńṣe ló kàn yí i ká bí ẹnu ṣòkòtò ṣe ń yí ọrùn ẹsẹ̀ ká. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ pẹ̀lú kò pọ̀ tó ti eyín àbínibí. Bí ìwúlé bá bẹ̀rẹ̀, ọgbà tó yẹ kó dá a dúró kò lágbára, ọ̀nà rẹ̀ sí egungun sì kúrú.

Àdánwò méjì kan wà tó fi èyí hàn kedere. Ní ọdún 1965 ní ìlú Aarhus, ní Denmark, àwọn ènìyàn 12 tí ẹran ìdí eyín wọn dá gbà láti má fọ ẹnu. Láàárín ọjọ́ 10 sí 21, ìdí eyín gbogbo wọn ti wú. Nígbà tí wọ́n padà sí fífọ ẹnu, ó lọ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí àwọn mìíràn wá tún irú rẹ̀ ṣe, tí wọ́n sì gbé èsì jáde ní ọdún 2012, àwọn tó ní eyín àbínibí àti eyín gbígbìn pọ̀ nínú ẹnu kan náà ni wọ́n lò, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n sì fi sílẹ̀ láìfọ̀ ọ́n. Ìdí eyín gbígbìn ni ẹ̀jẹ̀ ti yọ jù, àní lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti padà ń fọ ẹnu dáadáa, ìdí eyín wọn kò tíì padà sípò pátápátá bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sọ́dọ̀ yín, Bàbá. Ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà tó gbin eyín náà, tàbí ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n kí ẹ gba X-ray tí wọ́n yà lọ́jọ́ tí wọ́n dé orí eyín náà dání, nítorí láìsí i, ẹni tó ń wo tòní kò ní ohun tí yóò fi í wé. Kí ó fi ọ̀pá ìwọ̀n yẹ gbogbo ìhà rẹ̀ wò, kí ó sì kọ nọ́ńbà tó bá rí sílẹ̀ lójú yín. Bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ ṣùgbọ́n tí egungun kò kúrò níbi tó wà, ẹran nìkan ló ń wú, ìyẹn sì ṣeé wò tán. Bí egungun bá ti ń lọ sílẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, àìsàn náà ti dé ipò kejì. Bí ẹ kò bá rí X-ray àtijọ́ rárá, ìlànà tí ìpàdé àgbáyé àwọn onímọ̀ eyín fẹnu kò sí ní ọdún 2017 ni pé àlàfo tó bá jìn tó mìlímítà 6 sókè, tó ń ṣẹ̀jẹ̀ tàbí tó ń sun ọyún, tí egungun ibẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀ tó mìlímítà 3 sókè, ipò kejì yẹn ni kí a kà á sí.

Ẹ ní kó wo ohun kan fún yín pẹ̀lú: bóyá sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi lẹ orí eyín náà kù sábẹ́ ẹran. Mo ti rí i tí èérún tí kò tó ẹyọ ìrẹsì kan ń dá ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún méjì gbáko. Orín Ìjẹ̀bú tí ọ̀pọ̀ àgbà ní Ìkòròdú ń rin dára fún ojú eyín níwájú, n kò ní kí ẹ má rin ín, àmọ́ kò lè dé ẹ̀yìn eyín gbígbìn àti àárín òun àti èkejì rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré tó rí bíi tìgò ọmọ ìkókó, tí orí rẹ̀ kò ju ti ìṣáná lọ, ni kí ẹ ní kí wọ́n kọ́ yín lò.

ÌBÉÈRÈ KEJÌ

Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà wa. Ẹja ni mò ń tà ní Ẹ̀pẹ́, ẹni ọdún 48 ni mí. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún mi, wọ́n kọ CRP síbẹ̀, wọ́n ní ó ga. Nọ́ọ̀sì bi mí bóyá ìdí eyín mi ń ṣẹ̀jẹ̀, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ní ó lè jẹ́ òun. Ṣé ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ lè sọ pé eyín ló ń ṣe mí?
Ìyá Ẹlẹ́ja, Ẹ̀pẹ́

ÌDÁHÙN

Rárá o, Ìyá wa, ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ kò lè nawọ́ sí eyín. Nọ́ọ̀sì náà ṣe dáadáa tó béèrè, ṣùgbọ́n "ó lè jẹ́" tó sọ yẹn ni kí ẹ di mú. Purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ ni CRP, ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é. Ibikíbi tí ìwúlé bá wà lára, àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ á tú purotéènì tó ń jẹ́ IL-6 sínú ẹ̀jẹ̀, bó bá dé ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè CRP. Ẹ̀dọ̀ kò mọ̀ bóyá ẹnu ni ìránṣẹ́ náà ti wá, tàbí ẹsẹ̀ tí ẹja gún. Ibà á gbé e sókè, òtútù àyà á gbé e sókè gan-an, kódà ara tó sanra jù lè gbé e sókè díẹ̀. Àìsàn ìdí eyín tó ti pẹ́ a máa gbé e sókè lóòótọ́, ṣùgbọ́n níwọ̀nba ni. Bí tiyín bá ga gidigidi, kí dókítà tó ní kí ẹ ṣe àyẹ̀wò náà wá ibòmíràn wò kó tó di ẹ̀bi ru eyín.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ní tèmi ni ti ṣúgà. Àtọ̀gbẹ àti àìsàn ìdí eyín jọ ń ti ara wọn lẹ́yìn ni: ṣúgà tó ga nínú ẹ̀jẹ̀ ń mú kí purotéènì ìwúlé pọ̀ ní ìdí eyín, ìwúlé ìdí eyín náà sì ń mú kí ṣúgà ṣòro láti kápá. Ẹni tó ti lé ní ẹni ogójì ọdún, tí ìdí eyín rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ níbi púpọ̀, kò yẹ kó má mọ iye tí ṣúgà rẹ̀ jẹ́.

Bó bá sì jẹ́ ojú kan ṣoṣo ni ẹ̀jẹ̀ náà ti ń yọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ibẹ̀ dáadáa fún eegun ẹja. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìyá kan tó ń ta ẹja bíi tiyín jókòó sórí àga mi pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú, ó ti lo oògùn títí. Nígbà tí mo ti ọ̀pá ìwọ̀n wọ àárín eyín rẹ̀ méjì tó gbẹ̀yìn, nǹkan kan dún kẹ́. Eegun òbòkún ni mo fa yọ, ó gùn tó ìdajì abẹ́rẹ́ ìránṣọ, ó ti di dúdú. Kò sí purotéènì tí a ìbá wọ̀n tí ì bá sọ ìyẹn fún wa.

ÌBÉÈRÈ KẸTA

Dókítà, ẹ ǹlẹ́ sà. Télọ̀ ni mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Sábó ní Ìkòròdú, ẹni ọdún 29. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń yọ ní ìdí eyín mi, mo máa ń ra kápúsù tẹtirasáíkílìn méjì lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì, mo máa tú ìyẹ̀fun rẹ̀ sí i. Á lọ, á tún padà dé. Ẹnì kan wá sọ fún mi pé àwọn dókítà eyín pàápàá ń lo oògùn yẹn. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń ránṣọ ń fa sìgá tó tó páálí kan lójúmọ́, kì í fọ ẹnu lálẹ́, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ kì í yọ ní tirẹ̀.
Ọmọ yín, Ìkòròdú

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, ẹni tó sọ fún ọ kò purọ́ tán, kò sì sọ òótọ́ tán. Dọsisáíkílìn, tó jẹ́ ọmọ ìyá tẹtirasáíkílìn, ni wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1998 fún àìsàn ìdí eyín, ní mìlígíráàmù 20 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Èyí tí a fi ń pa kòkòrò a máa tó mìlígíráàmù 100. Ìwọ̀n kékeré yẹn kò lè pa kòkòrò kankan, wọn kò sì ní in lọ́kàn pé kó pa á. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń di MMP lọ́wọ́ mú, ìyẹn àwọn purotéènì tí mo pè ní ọ̀bẹ nínú ìdáhùn mi sí Bàbá Olùkọ́, kí wọ́n má bàa máa gé kólájìn. Wọ́n sì ní kí a lò ó lẹ́yìn tí dókítà bá ti ha ìdọ̀tí kúrò ní ìdí eyín tán, kì í ṣe dípò rẹ̀.

Ìyẹ̀fun tí o ń tú sí i kò jọ ìyẹn rárá. Itọ́ á ti fọ̀ ọ́ lọ kó tó ráyè wọlé, ó lè bó ẹran ẹnu rẹ, kòkòrò inú ẹnu á sì máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń sá fún oògùn tí o lè nílò lọ́jọ́ mìíràn. Bí o bá sì ní ìyàwó tó lóyún tàbí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ nílé, má ṣe fún wọn ní ìkankan nínú oògùn méjèèjì yìí fúnra rẹ, nítorí wọ́n ń pa àwọ̀ eyín ọmọ dà títí láé. Ìdọ̀tí tó ti di òkúta ní ìdí eyín rẹ ló ń mú kí ẹ̀jẹ̀ náà padà dé, búrọ́ọ̀ṣì kò lè yọ ọ́, kápúsù kò lè yọ ọ́, irin dókítà ló lè yọ ọ́.

Ní ti ọ̀rẹ́ rẹ, má jowú rẹ̀. Ohun tó wà nínú sìgá ń fún àwọn ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ kéékèèké inú ẹran ìdí eyín pọ̀, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó kìlọ̀ fún un kò ní yọ bó ṣe yẹ, nígbà tí egungun abẹ́ rẹ̀ ń lọ. Nínú ẹni tí kì í fa sìgá, bí ẹ̀jẹ̀ kò bá yọ nígbà tí a fi ọ̀pá ìwọ̀n yẹ ìdí eyín wò, àmì tó ṣeé gbára lé ni pé ibẹ̀ fara balẹ̀. Nínú ẹni tó ń fa páálí kan lójúmọ́, n kò lè gbára lé e bẹ́ẹ̀. Bí o bá ń lọ ha eyín tìrẹ, mú un dání, kí wọ́n sì ya X-ray fún un.